Ẹnu Wáyà Mẹ́ta àti Ohùn Ìyá Fàsásì

Wọ́n ní fóònù kan ló bú gbàù ní Mile 12. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ló ti wáyà spíkà kọ̀ǹpútà olórí mẹ́fà bọ̀ ọ́ létí, ni iná inú spíkà bá sáré gba inú wáyà wọ fóònù, ó jó o di èédú, ó sì tún gbé irùngbọ̀n ọkùnrin náà lọ. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Ketu, irùngbọ̀n ti di eyín mẹ́rin.

Fàsásì gbà á gbọ́ látòkèdélẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin o! Ogún ọdún ló ti ń ṣe wẹ́dà ní Ikosi. Iná tó ń ta pàràpàrà sí i lára lójoojúmọ́ kò tó ohun tí ń mú un ṣẹ́jú. Òun ló jó géètì ilé Mummy Clara ní Magodo, tí ìyẹn fi spíkà kọ̀ǹpútà àtijọ́ ta á lọ́rẹ: kékeré márùn-ún, ńlá kan. Ṣùgbọ́n wáyà tí kò sanra tó okùn bàtà ló wá ń já akọni láyà.

Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún. Inú fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ wà, ìyá tó kú sí Ìsẹ́yìn ní èṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kò sì sí níbòmíràn. Lọ́la ni àdúà ọdún kan. Mọ̀lẹ́bí ń bọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

"Bàbá Nimat, ẹ ti wáyà yẹn bọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Bàrákátù ìyàwó rẹ̀ wí.

"Tó bá gbaná ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń jó irin!"

"Irin kì í ṣe ìyá mi."



Fàsásì ti to spíkà yí pálọ̀ ká bó ṣe wà nínú àwòrán ara páálí: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín wọn, méjì lẹ́yìn, ńlá lábẹ́ àga. Ẹnu wáyà mẹ́ta ló wà: aláwọ̀ ewé, dúdú, àti olómi ọsàn. Fóònù ní ihò kan ṣoṣo. Ìyàwó mẹ́ta, yàrá kan! Ó wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì de dígí wẹ́dà mọ́jú nítorí iná. Inú dígí yẹn, dúdú ni gbogbo ayé. Ó mú ẹnu kan, ó ka kálímà bí ẹni ń kú lọ, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tẹ fóònù.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ spíkà iwájú lẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, gẹ́lẹ́ bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn ìyá rẹ̀ tó ń pe oríkì rẹ̀:

"Àjàní! Ṣé o ti jẹun?"

Yéè! Wẹ́dà fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, fóònù já bọ́, bátìrì yọ wọ abẹ́ àga. Bàrákátù náà ti dé ojúlé kejì.

"Ó ti jó," ni Fàsásì ń wí. "Mo ti jó Màámi."

Nígbà tí Bàrákátù padà dé, Ṣèyítán, ọmọbìnrin tó ń ta wáyà fóònù ní ìkángun àdúgbò, ló mú wá. Ṣèyítán fi bátìrì sí i. Fóònù tàn. Fàsásì kò lè wò ó.

"Ohùn yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu dúdú lẹ fi sí i, spíkà ẹ̀yìn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ bọ́ dígí, àbí fóònù lẹ fẹ́ jó pọ̀ mọ́ géètì?"

Ó yọ wáyà kúkurú kan, ẹnu kan níwájú, ihò mẹ́ta lẹ́yìn. Ó ti ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ohùn kan náà ló máa pín fún gbogbo wọn. Ó yá, ẹ tì í bọ fóònù fúnra yín."

Ó pẹ́ kí Fàsásì tó lè ṣe é. Ó di ojú, ó tì í, ó tẹ̀ ẹ́.

"Àjàní! Ṣé o ti jẹun?" Spíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún pálọ̀.

"Mo ti jẹun, Màámi," ni Fàsásì wí. Irọ́ ni, láti àárọ̀, ẹ̀rù nìkan ló jẹ.

Spíkà ń fa iná tirẹ̀ lára ògiri. Ohùn nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ fóònù, agbára tó sì ń gba inú wáyà yẹn kò tó èyí tó lè jó ohunkóhun.