Àwọn Àgbò Tí Ẹ̀rù Kì í Bà

Bàbá Hamid, ìyẹn Mùtàlíbù tó ti Àbíjàn dé, kì í jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ kí àwọn àgbò tó ń tọ́jú. Kì í ṣe kíkí lásán o, oríkì ni. "Abìwo tó wọ́ bí ọ̀nà ìlú Ara! Arẹwà onírùngbọ̀n!" Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ ìdajì irú ẹ̀ rí. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà ìwádìí ẹran tó ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú Ìsùndúnrìn, kò sì sóhun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò ṣojú mi.

Àgbò mẹ́jọ ni Dókítà Ayọ̀níkẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó fẹ́ gé iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá kíndìnrín sọ̀rọ̀, torí ó ní ó wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ó la mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la mẹ́rin níkùn, kó lè mọ ọ̀nà tó sàn jù. Ọ̀rọ̀ náà ká Bàbá Hamid lára ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru, ìyẹn ló sì sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di arọ kó tó pa á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Dókítà ní nǹkan kan ń da òun láàmú. Ẹ̀rọ tó so mọ́ wọn lára ń fi hàn pé, láago mẹ́fà àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń ru sókè. "Àbí ajá ló ń wọbẹ̀ ni?"

Bàbá Hamid ṣí fìlà. "Pàdọ́nù, Dókítà. Èmi ni. Mo máa ń kì wọ́n."

Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Dókítà kàn ní, "Bàbá, ẹ kì wọ́n kí n rí i."

Ó kì wọ́n. Àwọn tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbórí sókè, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ń gòkè. Ti àwọn tí wọ́n là níkùn ò mira. Ó kì wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há, ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri.

"Ti ikùn ló ṣiṣẹ́!" Inú Dókítà dùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, alápatà wá pa ọ̀kan nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè yẹ kíndìnrín wọn wò. Ti ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ pa. Mẹ́ta tó kù ń ké, wọ́n ń forí gbá igi ọgbà. Àwọn ti ikùn ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí alápatà ṣe ṣílẹ̀kùn wọn, kò tíì nawọ́ tí ọ̀kan fi rìn jáde, ó gba inú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kọjá, ó dùbúlẹ̀ níwájú alápatà, ó kọjú sí gábàsì bí ẹran Iléyá.

Alápatà ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní òun ò pa á mọ́.

Dókítà ní iṣan kíndìnrín ò kan ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù, pé ó ti rẹ ẹran náà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò kàwé. Ó wá yíjú sí Bàbá Hamid. "Bàbá, ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá àwọn èèyàn tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Ṣé kí n kọ orúkọ yín?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo àgbò tó ṣì dùbúlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ má kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lo oògùn mi, kí ẹ̀rù sì máa bà mí."