Ẹni Tó Ń Jẹ Ẹja Inú Àwọ̀n Dosi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń lúgọ sínú òjúoró, apá Dosi kò gbé àjẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, ó jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ọmọbìnrin tó dojúbolẹ̀ níwájú rẹ̀, tó gbá kámẹ́rà gígùn mọ́ra bí ẹní gbá ọmọ tuntun. Tẹjúmádé ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya fọ́tò àwọn ẹranko tó ti ń tán lọ láyé. Ó gbọ́ pé màlúù omi, ẹran ńlá tó ń gbé inú omi, ṣì kù díẹ̀ ní apá Ikoga, ó sì ń wá ẹni tí yóò wa ọkọ̀ fún òun. Àwọn ọkùnrin èbúté ní àwọn kò ráyè à-ń-jókòó-wo-ewé. Wọ́n ní kó lọ bá opó.

Dosi náà kò kúkú ráyè. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ kì í ṣòro bẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Opó ọdún kìíní, gbogbo ayé ní ń bẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá fi máa di ọdún kejì, òun nìkan ni yóò máa bi ara rẹ̀ pé ṣé dáadáa lo jí. Àwọ̀n tí ọkọ fi sílẹ̀ ni Dosi ń dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kì í sábà dẹ àwọ̀n ní èbúté wọn. Èpìyà tó bá mú, yóò yan án, yóò gbé e lọ sí ọjà Agbalata. Sewanu, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́. "Ọkọ mi" ni Dosi ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Sewanu yìí kan náà ni Dosi sọ di ọ̀tá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó fa àwọ̀n sókè láàárọ̀, ó bá èpìyà mẹ́fà. Orí wà, ìrù wà, egungun wà láàárín; ẹran ara wọn ti lọ pátápátá, bí ẹni pé wọ́n fi ètè fá a. Ní èbúté wọn, ẹni tó bá fẹ́ lé ẹlòmíràn kúrò lójú omi kì í bú u, kì í lù ú. Egungun ẹja ni yóò há sínú àwọ̀n rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, a ti jẹun tán, máa lọ. Sewanu nìkan ló sì mọ ibi tí àwọ̀n náà wà lọ́sẹ̀ yẹn. Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó sọ fún un pé kó sinmi omi, pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àánú ló fi sọ ọ́. Dosi gbé àánú ka orí egungun, ó pè é ní ìlara.

Ó kó egungun lọ síwájú Baálẹ̀. Sewanu búra títí, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní kí ni yóò jẹ ẹja báyìí? Bó bá jẹ́ ọ̀nì ni, àwọ̀n ì bá ya. Ní ti màlúù omi, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé koríko ló ń jẹ. Wọ́n yọ Sewanu kúrò nínú àwọn tó jọ ń fa àwọ̀n ńlá. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì, àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án yìí, omi hó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n Dosi. Imú màlúù omi kan yọ, ó mí, ó tún rì. Tẹjúmádé ń retí kó yà sídìí òjúoró. Kò yà síbẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí àwọ̀n, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì tó dà bí àjẹ̀ kó o mọ́ra, ó fi ètè bo èpìyà kan, ó ń fà á mu bí arúgbó tí kò léyín ṣe ń fa ọsàn. Nígbà tó yọ ẹnu, egungun ló kù.

Kámẹ́rà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tẹjúmádé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láìbojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹja ló ń jẹ. Ṣé ẹ rí i?"

"Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀," ni Dosi wí. "Mi ò mọ̀ pé òun ni."

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Sewanu fún un, ó ní kí àwọn gbé fọ́tò náà lọ bá Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Inú ọmọ náà tó ti ń dùn rọlẹ̀. Ó ní bí àwọn apẹja bá mọ ẹni tó ń jẹ ẹja wọn, wọn kò ní dá a sí. Dosi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gún ọ̀kan pa nígbà ayé ọkọ rẹ̀, tí wọ́n bá ọmọ nínú rẹ̀.

"Sewanu ńkọ́?" ló bi í. "Òun náà, ẹyọ kan ló kù fún mi láyé."

Wọ́n fẹnu kò pé Sewanu ni kó kọ́kọ́ rí fọ́tò náà, wọ́n sì jọ lọ bá a nílé. Dosi kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà wo fọ́tò pẹ́.

"Ìyàwó wa," ló wí, "èmi búra, ẹ ò gbà. Ẹran inú omi wá jẹ́rìí, ẹ gbà."

Sewanu ní kó dìde, orúnkún rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọge mọ́. Ó dá fọ́tò padà, ó ní kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni. Òun mọ bó ṣe máa ń rí lára, kí gbogbo èbúté kórìíra ẹni lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí èbúté pe ìpàdé, Dosi dìde. Ó ní òun purọ́ mọ́ Sewanu, kì í ṣe ọkùnrin náà ló jẹ ẹja. Wọ́n ní ta ni? Ó ní òun kò lè sọ. Àgbà kan ní bóyá ebi ló ń pa ọkọ rẹ̀ lọ́run, ó yà wá jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Baálẹ̀ ní ìyà tí Sewanu ti jẹ ti tó, kó padà sídìí àwọ̀n ńlá. Ẹni tó purọ́ mọ́ ọn, kó gbé àwọ̀n tirẹ̀ kúrò lómi títí òjò ọdún tó ń bọ̀.

Dosi retí pé kó dun òun. Oorun ló ń kùn ún. Sewanu tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ túlẹ̀. Ó ní bí àwọn bá fa àwọ̀n lọ́la, òun yóò gbé ìpín òun wá, kó bá òun yan án.

"Kó má jẹ́ èyí tó kéré o, ọkọ mi," ni Dosi wí, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan.