Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Sọ Lára Ògiri

Ní Porto-Novo tí wọ́n bí mi sí, omi kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí o bá ń wá òkè, àfi kí o gun orí àga. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi yanu sílẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ rán mi lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àpáta.

Ó ní, "Kí ni wọ́n gbàgbé sórí àpáta?"

Olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé bí ènìyàn bá rí ọkọ̀ òfurufú ọ̀fẹ́, kì í béèrè ibi tó ń lọ. Àwa méjì ni wọ́n mú ní ilé ìwé wa. Èkejì mi jẹ́ ọmọ Àgùdà, ọ̀kan nínú àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà wá. Ó jù mí lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni. Ó ga, ó gbafẹ́, bàtà rẹ̀ máa ń dán ju ti ọ̀gá ilé ìwé lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ẹnu yẹn gan-an ló kó gbogbo wa sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ibi tí wọ́n kó wa lọ, òkè ni iwájú, òkè ni ẹ̀yìn, odò kan sì ń sáré láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló ń kọ́ wa. Ó ní àpáta tó dára jù lọ fún gígùn wà létí odò náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà débẹ̀. A ó kọ́kọ́ tukọ̀, a ó so ọkọ̀ mọ́ igi, lẹ́yìn náà ni a ó gun àpáta. Kàyáàkì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ènìyàn a sì jókòó sínú rẹ̀ bí ìgbà tó wọ ṣòkòtò. Ní ti omi, ojú kò tì mí. Ọmọ ọ̀sà ni mí, mo ti ń di àjẹ̀ mú kí n tó di bírò mú. Òtútù nìkan ló yà mí lẹ́nu: omi odò yẹn tutù débi pé nígbà tó ta sí mi láyà, orúkọ bàbá mi ni mo pè.

Nígbà tí a dé ìdí àpáta, wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí wa. Ẹni kan wà lókè tó di okùn mú, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ènìyàn kò ní ṣubú, yóò kàn máa fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ ni. Èmi kọ́kọ́ gùn ún. N kò mọ ohun tó gbé mi dókè, bóyá òtútù tó wà nísàlẹ̀ ni mo ń sá fún. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé mi. Ó gùn ún dé ìdajì, ó dúró, ó gbá àpáta mọ́ra bí ìyàwó ọ̀sìngín. Onírùngbọ̀n ń pariwo pé kí ó gbé ẹsẹ̀. Mo na ọrùn, mo gbọ́ ohun kan tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: Màríà Mímọ́ ló ń kí, ó ń kí i láìdúró mí. Níkẹyìn, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí korobá tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga.

Nígbà tí à ń tukọ̀ padà, ó wa ọkọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ tèmi.

Ó ní, "Àbúrò, jọ̀wọ́. Ohun tí àpáta rí, kí ó kú sí àpáta nínú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà rí nǹkan ni?"

Mo pa ẹnu mi mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé Porto-Novo, lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí a wọ yàrá àwọn olùkọ́, mo bá a níbi tó ti ń ròyìn. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, òun ló gun àpáta dé òkè, èmi ni mo há sí àárín tí mò ń sunkún pe ìyá mi. Àwọn olùkọ́ wo mí tàánútàánú. Ó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó ń retí kí n sọ òótọ́.

Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gùn ún."

Gbogbo yàrá hó yè. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ mi ni kí n máa fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá ní àpáta náà ga tó ilé méjì, èmi á ní ó ga tó mẹ́wàá. Mo ní àwọn òyìnbó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Mo ní ó ti ń gùn ún padà bọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so okùn. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pè mí ní òpùrọ́ láìpe ara rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni àwọn ológun gba ìjọba. A jí, a gbọ́ orin ṣọ́jà lórí rédíò, ìyá mi sì ń bá àtẹ rẹ̀ lọ, ó ń to búrẹ́dì. Ní Dahome ìgbà yẹn, ìjọba máa ń wọlé, ó máa ń jáde bí àlejò tí kò gbádùn oúnjẹ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ti ọ̀tẹ̀ yìí ní àwọn kò ní lọ mọ́, wọ́n ní ìyípadà gidi dé, rẹfolísíọ̀n. Wọ́n rán kọmáńdà kan wá sí ìlú wa, ọkùnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín, tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ nípa agbára àwọn ọ̀dọ́. Ó wá bẹ ilé ìwé wa wò. Ọ̀gá wa kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi hàn án, nítorí òrùlé ń jò, nítorí náà ó fa Ẹ̀gbọ́n jáde.

Ó ní, "Kọmáńdà, olùkọ́ yìí ló fi ọwọ́ kan gun òkè ní ilẹ̀ Faransé."

Kọmáńdà wo ọwọ́ méjèèjì tó wà lára Ẹ̀gbọ́n. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá pé jọ létí ọ̀sà, kí olùkọ́ yìí tukọ̀ wá, kí ó sì gun ògiri ilé ìkó-epo àtijọ́ tó wà létí omi, kí ìlú lè rí ohun tí ọmọ Dahome lè ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n wọ ilé wa ní àdúgbò Dowa. Bàtà rẹ̀ kò dán.

Ó ní, "Ìwọ lo pa mí. Ta ló ní ọwọ́ kan ni mo fi gùn ún?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ kò sọ pé irọ́ ni."

"Àbúrò, kí ni kí a ṣe?"

Mo ti mọ ohun tí a lè ṣe. Kàyáàkì ẹlẹ́ni-méjì kan wà ní yàrá ẹrù ilé ìwé, èyí tí olùkọ́ òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Okùn àti ìgbànú tí wọ́n fún wa ní ilẹ̀ Faransé wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ilé ìkó-epo náà ní àtẹ̀gùn nínú, nítorí náà èmi lè gba inú lọ sókè láti di okùn mú fún un. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣe é lásán. Ìtàn ẹkún tó fi mí sọ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ti ń bá ìyá mi kẹ́dùn pé ọmọ rẹ̀ dójú tì í lókè òkun. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wọ inú ilé, kí ó sọ òtítọ́ fún ìyá mi.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mò ń gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí korobá, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ Àgùdà! Ìwọ tó ga tó báyìí! Dìde, jẹun kí o tó lọ."

A fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ lábẹ́lẹ̀. Ògiri náà dára fún gígùn, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti jẹ ẹ́, bíríkì rẹ̀ sì ti yọ ihò tí ìka lè wọ̀. Ẹ̀gbọ́n máa ń dé fèrèsé kìn-ín-ní, a sì máa ní ó tó fún ọjọ́ náà. Fèrèsé kejì kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ àpéjọ, èrò kún etí omi. Àwọn ará Adjarra wá, àwọn ará Avrankou náà wá pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n jókòó sínú kàyáàkì, mo wà lẹ́yìn, mò ń tukọ̀, òun ń juwọ́ sí èrò níwájú. A gúnlẹ̀, mo sáré gba inú ilé lọ sókè, mo so ara mi mọ́ òpó, mo di okùn mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó kọjá fèrèsé kìn-ín-ní, ó fi ọwọ́ kan fèrèsé kejì, ó sì dúró. Mo bojú wolẹ̀, ó ti tún gbá ògiri mọ́ra. Màríà Mímọ́ ti tún gba ìkíni.

Àtẹ́wọ́ rọlẹ̀. Kọmáńdà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó ní, "Kí ló dé tó dúró?"

Èmi kò ronú. Mo yọ orí síta, mo kígbe pé, "Kọmáńdà, olùkọ́ wa fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n gbé ojú sókè wò mí. Bí ojú bá lè pa ènìyàn ni, n kì bá tí wà láyé láti sọ èyí fún yín. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè, ohùn náà kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá là.

"Ẹ̀yin ará ìlú! Ibi tí a dé yìí, a kò lè padà sẹ́yìn mọ́!"

Èrò hó. Ó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀.

"Ẹni tó di okùn wa mú lókè, kó má sùn! Kó má wo ibòmíràn! Kó má tú wa sílẹ̀!"

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ju fìlà sókè. Wọ́n rò pé ìjọba ló ń bá wí. Àwọn kan tilẹ̀ ń wo Kọmáńdà látẹ̀gbẹ́ láti mọ̀ bí ó ti gbà á. Kọmáńdà nàró, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"A ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dé ìdajì, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀! Ṣé àwa náà yóò sọ̀ kalẹ̀ ni?"

"Ó tì o!" ni gbogbo etí omi fi dáhùn.

Lábẹ́ ariwo yẹn ni mo rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ihò kan wà lápá ọ̀tún, lókè orúnkún yín." Ó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Mo fa okùn. Mo tún ní, "Ọwọ́ òsì, etí fèrèsé." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí orí rẹ̀ fi yọ lókè ògiri.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni, "Màá pa ọ́." Lẹ́yìn náà ó yí sí èrò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo sì rí i pé omi wà lójú rẹ̀, nítorí ó gùn ún lóòótọ́. Inú mi dùn sí i ju bí mo ti rò lọ. A dì mọ́ra wa lórí òrùlé yẹn, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Kọmáńdà gba àtẹ̀gùn wá bá wa. Ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó wo okùn, ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti pọ́n bí ata. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "A jọ mọ̀ ọ́n ni, Kọmáńdà."

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn, ó sì tètè gbé e mì. Ó ní Ẹ̀gbọ́n yóò máa sọ̀rọ̀ ní àwọn àpéjọ, èmi yóò sì máa kọ́ àwọn ṣọ́jà rẹ̀ ní bí a ṣe ń gun ògiri.

Ẹ̀gbọ́n bá ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ó rí i pé ó dùn ju eré ìdárayá lọ, kò sì tún fẹsẹ̀ kan ògiri mọ́. Èmi ní tèmi di ọ̀gá àwọn ṣọ́jà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí! Àwọn ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ fún, bí wọ́n bá ti dé fèrèsé kìn-ín-ní, ohùn wọn á di ti ọmọ ọwọ́, Tàǹtí ni wọ́n á máa pè mí, bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò ìyá rẹ̀.

"Tàǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú mi sílẹ̀ o."

"Ṣé o ti kí ìyá mi kí o tó wá?"

"Mo ti kí wọn, Tàǹtí."

"Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn, géńdé kan láti àríwá, ló ń bẹ̀rù jù, òun náà ló sì kọ́ ọ jù. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí Atakora, níbi tí òkè gidi wà, n kò retí pé n ó tún rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó yà sílé wa, ó gbé ẹyẹ ẹtù méjì lọ́wọ́ fún mi.

Mo bi í pé, "Àpáta ibẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Tàǹtí, ó gbóná. Ẹ kò sọ fún mi pé àpáta máa ń jóni lọ́wọ́."

Èmi kò mọ̀. Ti Faransé tí mo gùn, yìnyín ló kù kó di. Ìyá mi gba àwọn ẹtù náà, ó ń dúpẹ́, ó tú okùn ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n lè mu omi. Ọ̀kan fò, ó bà sórí òrùlé, ó ń wò wá láti òkè. Ìyá mi wo ṣọ́jà, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹ̀yin agunkè, iṣẹ́ dé."

A kò mú un lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù la fi se ọbẹ̀.