Ọgbà Tí Kò Ní Àlàfo

Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fàyèsílẹ̀ kò sọ ara rẹ̀ lórúkọ yìí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọdún kejìdínlógójì rèé tó ti ń fi pákó ṣe ọgbà yí ilé onílé ká, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò gbọ́ ọ títí etí fi kún: "Ẹ fàyè sílẹ̀ láàárín pákó, kó tó orí ìka. Igi tó gbẹ lónìí, yóò mu omi lọ́la. Bó bá mu omi, yóò wú. Bí kò bá sì ráyè wú sí, ìjà ló kù." Àwọn òpó tó rì mọ́lẹ̀ nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ṣì wà lóòró, ikán ò rí wọn gbé ṣe.

Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Sítóòfù gbiná mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, àpá sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ọrùn. Ọmọ náà padà sílé bàbá rẹ̀, ó wọ yàrá, ó fa aṣọ fèrèsé bolẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti sá aṣọ. Obìnrin ilé kejì ló kígbe pé, "Yéè! Ojú rẹ náà rèé?" Ọmọ náà fi aṣọ tútù sílẹ̀ nínú bàsíà, ó wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ra pákó. Ó fi ọ́ìlì dúdú kun ẹsẹ̀ òpó, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò kí omi má baà dúró níbẹ̀, ó po sìmẹ́ńtì yí wọn ká. Títí dé ibẹ̀, kò ṣìṣe. Ìgbà tó kan pákó ni ọwọ́ rẹ̀ yí padà: ó ń kàn wọ́n mọ́ra bí ẹni ń dí ihò eku.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń ta ìṣó dúró, ó ń wò ó. "Fàyèsílẹ̀, àyè dà?"

"Àyè wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Padà síbẹ̀."

"Bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Òjò ò lójú. Ojú èèyàn ni mò ń dí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ọmọ náà gbé àpótí jáde sínú oòrùn, ó jókòó, ó ṣí ìborùn rẹ̀. Fàyèsílẹ̀ yà sí kọ̀rọ̀ ilé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Pákó wú, wọ́n ń ti ara wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, méje já bọ́, ihò gbàgàdà sì ṣí sí ilé kejì gan-an. Ọmọ wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Bàbá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. "Ọmọ mi, àìmọ̀ kọ́. Mo mọ̀ ọ́n."

Ohùn ọmọ náà jáde láti inú yàrá. "Ẹ má kàn án bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá. Á tún tú."

"Bí mo bá fàyè sílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á rí mi."

Bàbá jókòó lórí pákó tó já, ó ronú títí. Lẹ́yìn náà, ó tú ìyókù. Yóò kan ọ̀kan síwájú igi ìdábùú tó so òpó pọ̀, yóò kan èkejì sẹ́yìn rẹ̀, kí tẹ̀yìn máa bo àlàfo tiwájú: atẹ́gùn á kọjá, ojú ò ní kọjá. Ó bọ́ sóde, ó gbé òòlù, ṣùgbọ́n ìdábùú ń mì. Ó fẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ tì í láti inú. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó gbé ojú sókè, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ti wà lórí igi náà, ìborùn bò ó dé abẹ́ ojú.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá!" Obìnrin ilé kejì ni.

Ọmọ náà di igi náà mú ṣinṣin. Kò fi í sílẹ̀ títí ìṣó fi wọlé tán. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, ó wọlé.

Fàyèsílẹ̀ gbé pákó kejì lé ìdábùú. Kò kàn án. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà wọlé.