Àga Ọ̀gá Èbúté

Láàárọ̀, kí ọ̀gá wa ní èbúté tó fún atukọ̀ ní okùn tá a fi ń fa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀ dáadáa. "Ẹni tínú ń bí kì í gbé ọmọ ọlọ́mọ sójú omi." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Mo ti bá ọ̀gá tó ń pariwo ṣiṣẹ́ rí. Ariwo yẹn nìkan ni mo rántí.

Lọ́jọ́ kan, mo jágbe mọ́ ìyá àgbà kan tó ní kí n rọra gbé agbọ̀n ẹja òun sínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

"Ìyàwó mi kẹ́rù lọ lánàá, sà. Ó gbé ọmọ dání."

Wọ́n fi mí jókòó sórí àga wọn tó kọjú sómi, wọ́n bẹ ìyá náà, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ sí Ugbò fúnra wọn, tàgbàtàgbà. Mo sunkún. Ẹ̀yìn mi nìkan làwọn èèyàn rí.

Ọ̀gá ti dolóògbé, àga náà sì ti di tèmi. Láàárọ̀ yìí, atukọ̀ kan dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo wo ojú ẹ̀, mo dìde, mo ní kó wá jókòó.