Ohùn Ìyá Mi Tó Wà Nínú Fóònù

Ọkọ mi kì í rí ẹ̀rọ kó má fẹ́ tú u. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe àpò ọ̀rá ní Ìlúpéjú ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì gbà pé ohun tí èèyàn bá dè, èèyàn ló máa tú u. Fáànù, rédíò, áyọ́ọ̀nù, gbogbo wọn ló ti dé orí tábìlì rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn ò dìde níbẹ̀ mọ́.

Ó wá kan fóònù mi. Fóònù náà ti kún, ohùn ìyá mi ló sì kún inú rẹ̀. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń kì mí, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́, èmi á sì máa gbọ́ oríkì mi nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gbé wa lọ sí iléeṣẹ́ bisikíìtì ní Oregun. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ wa ní Agége ni wọ́n wà, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ṣí oríkì náà kí wọ́n gbọ́. Ẹnu wọn á máa mì tẹ̀lé e, láìsí ohùn. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń dà bíi pé wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa.

"Pa díẹ̀ rẹ́ níbẹ̀," ọkọ mi wí.

"Kí n pa màmá mi rẹ́ kẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn nǹkan tí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù kó sínú rẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kéèyàn yọ, lòun máa yọ. Rúùtù ni wọ́n ń pè é: kéèyàn gba àṣẹ fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ o."

Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú tipẹ́, orí iná ló ń gbé. Iná wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní ká yáa lò ó kó tó lọ, ó sì so fóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Iṣẹ́ ò tíì ju ìdajì lọ tí wọ́n fi mú iná. Kọ̀ǹpútà kú, fóònù dákẹ́. Nígbà tí iná padà dé tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù nìkan ló ń yọ lójú rẹ̀. Á tàn, á kú, á tún tàn. Ọkọ mi ò wo ojú mi. Mo wọ yàrá lọ, torí bí mo bá la ẹnu, èébú ló máa jáde.

Wáràńtì fóònù náà, ìyẹn àdéhùn pé iléeṣẹ́ tó ṣe é á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ò tíì tán, mo bá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ní Ìkẹjà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Mummy, wọ́n ti rúùtù fóònù yìí. Wáràńtì ò kàn án mọ́."

Mo bi í nípa ohùn tó wà nínú rẹ̀.

"Ká tiẹ̀ ní wáràńtì ṣì wà, bọ́ọ̀dù tó kó gbogbo nǹkan sínú la máa fi tuntun rọ́pò, mà. Nǹkan kan ò ní kù níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ nǹkan jáde, bóyá wọ́n á rí i yọ."

Mo di "bóyá" yẹn mú délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n wáràńtì nìkan ló gbọ́. Ẹ̀bi ti di í létí. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Lọ́jọ́ kejì tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé fóònù náà, ó mú bàbá onílé wa dání, wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ ní Ìkẹjà. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní ọmọ àwọn ló ṣẹ̀, kí wọ́n foríjì í. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Ta ló máa jẹ́ kí arúgbó kúnlẹ̀ fóun? Kíá ni ọ̀gá ibẹ̀ gbá wọn mú, ó ní kí wọ́n tún fóònù ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo dé, àwọn méjèèjì ń dúró dè mí. Bàbá na fóònù sí mi. "Gbà, ìyàwó wa. A ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ó ń tàn, ó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Fóònù ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún ohùn. Ìgbà tí ọkọ mi rí ojú mi ló tó yé e. Ó jáde síta.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi na ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí fóònù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo gbìyànjú láti ki ara mi fún wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀; mi ò kọ́ ìyókù rí, ṣebí ó wà nínú fóònù. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi dákẹ́, wọ́n sì tún nawọ́ sí fóònù. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń dúró kó bẹ̀rẹ̀.