Ìyá Àgbà Méjì, Ọmọ Kan Tí Kì Í Sùn

Òórùn òrí àti ti ẹja yíyan ló kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn ní Akpakpa, ní Kútọnù. Òrí jẹ́ tèmi, mo gbé e wá láti Pobè nínú igbá. Ẹja jẹ́ ti àna mi, ìyá tó bí ìyàwó ọmọ mi. Ekpè létí òkun ló ti wá, láti kékeré ló sì ti ń yan ẹja, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ kékeré ni, páànù lókè, ooru inú rẹ̀ bíi ti ààrò. Ọmọ tuntun wà láàárín wa, ọkùnrin, kò tíì pé oṣù méjì. Kì í sùn.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti tọ́mọ, o mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe ẹkún díẹ̀ tí ọmọ ń sun kó tó lọ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà bá ti ń dà bọ̀ láti orí afárá, igbe á bẹ̀rẹ̀. Á ké títí ohùn rẹ̀ á fi há, á sùn fẹ́ẹ́rẹ́, á tún ta jí bí ẹni tí èèrà ta. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Paraku, kò sí nílé. Ojú ìyàwó ti wọnú. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí àga ló ti ń sùn. Lọ́jọ́ kan, ó ń fún ọmọ lọ́mú, mo rí i tí orí rẹ̀ tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sáré gba ọmọ kó tó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ ara mi, kò sì jáde.

Mo wá wẹ ọmọ, bí ìyá ọkọ ṣe ń ṣe. Àna mi náà wá wẹ ọmọ, bí ìyá ìyàwó ṣe ń ṣe. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè, a kàn bá ara wa níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wa ni. Àna mi gbọ́ èdè wa dáadáa, torí àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá ibẹ̀, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Bí mo bá mú ìgbálẹ̀, á gbà á. "Ẹ jókòó, àna mi." Èmi náà á gbà á padà. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó, àna mi." Ìyàwó ní bí a bá ń bọ̀wọ̀ fún ara wa báyìí lọ, ilé òun ò ní rí ẹni gbá a. A rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe wá gan-an ló sọ yẹn.

Lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo ń wẹ ọmọ. Màá fi kànìnkàn bọ omi gbígbóná, màá na apá, màá na ẹsẹ̀, màá fi òrí pa á lára látòkè délẹ̀, màá pọ̀n ọ́n títí yóò fi sùn. Tí mo bá tẹ́ ẹ sórí ẹní tán, màá lọ sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé. Tí mo bá fi máa dé, ọmọ ti wà lẹ́yìn àna mi, ó ń han. Mo máa ń rò pé ó jí fúnra rẹ̀ ni. Òórùn àgbọn á máa ta sí mi nímú lára ọmọ náà, ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi níbi tó ti wá.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa mú ìgò oògùn olómi kan wá fún ìyàwó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi àtẹ kiri oògùn ló ti rà á, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. "Ṣíbí kékeré kan péré," ló wí, "á sùn bí òkú." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Mo ti rí i nílé wa ní Pobè, ọmọ tí wọ́n fún ní irú rẹ̀, tí a ń da omi sí lára títí ọ̀sán kó tó la ojú. Mo sọ fún ìyàwó. Ó bú sẹ́kún.

"Màmá, ṣé kí èmi wá kú ni? Bó bá tún ké lálẹ́ òní, màá fún un."

Ó fi ìgò náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo wẹ ọmọ, mo tẹ́ ẹ, ó sùn. Mo lọ sí àdúrà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Abẹ́ ìrọ̀rí yẹn ni ọkàn mi wà. Mo dìde láàárín orin, mo yí padà sílé.

Mo bá àna mi lórí àpótí, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ fọ òrí mi kúrò lára rẹ̀, ó ń na apá tí mo ti nà. Ọmọ ń sùn lọ́wọ́ nígbà tó gbé e. Ó ti wá la ojú rekete. Ìgò òróró àgbọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ènìyàn kì í ṣàdédé kojú àna rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo sọ̀rọ̀.

"Àna mi, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Òrí yín ti pọ̀ jù. Ooru Kútọnù kì í ṣe ooru Pobè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún àna mi?"

"Ó dáa. Èmi náà, tí ẹ bá pọ̀n ọ́n tán, tí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí ẹ wọlé, mo máa ń gbé e, màá tún un pọ̀n. Ẹ kì í fún ọ̀já dáadáa."

"Mo mọ ìyẹn náà," ló wí.

Ìyàwó jáde láti inú yàrá, ọwọ́ lórí. "Ẹ̀yin méjèèjì! Mo rò pé ẹ ti jọ fẹnu kò sí i ni! Ẹ̀ ń fọ ọmọ mi bí ìkòkò ọbẹ̀ ilá, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí kò fi sùn!"

Ojú tì wá. Mo ní kí àna mi máa wẹ̀ ẹ́ láti òní lọ, ó ní ó di èèwọ̀, èmi ni. Ìyàwó kò jẹ́ kí a parí rẹ̀. Ó gba ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ̀yin méjèèjì."

A jáde sórí bẹ́ńṣì ìta. Ìyàwó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn. Igbe bẹ̀rẹ̀. Àna mi dìde, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Igbe pọ̀ sí i, èmi náà dìde, ó fà mí jókòó. Ìgò yẹn wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá tí kò tíì sùn láti ọjọ́ púpọ̀, àwa sì jókòó síta bí àlejò. Igbe dínkù, ó ga, ó tún dínkù, ó wá dákẹ́ wẹ́lo.

Ìdákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ti Pobè ṣe dákẹ́. Àna mi wò mí, mo wò ó, a sì dìde pọ̀, a rọra ṣí ilẹ̀kùn.

Ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sókè, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu là sílẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ìgò kún, wọn ò tíì já ìdérí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé ọmọ náà di olóorun láti ọjọ́ náà. Ó ṣì ké lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ó mọ ọwọ́ tó máa gbé e, ọwọ́ kan ṣoṣo, ti ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń sùn kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Mo ti rò ó títí. Ìfẹ́ kò wọ́n ọmọ yẹn, ìfẹ́ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún ẹnì kejì pé ó tó. À ń pè é ní ọ̀wọ̀. Ìbẹ̀rù ni. Báyìí, bí àna mi bá wá kí mi ní Pobè, tó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, tó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, inú mi máa ń dùn, mo sì máa ń bu omi sí i lójú rẹ̀.